Igbó Inú Ìlú Kì í Ṣe Ilẹ̀ Òfo

A júbà Olódùmarè. A júbà Òsányìn tó ni ewé. A júbà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ọdẹ tó mọ ojú ọ̀nà inú igbó. A júbà Ìrókò. A júbà àwọn ìyá àti àwọn bàbá wa tí wọ́n kó wá sí ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n tí wọ́n fi orí gbé orúkọ ewé la òkun kọjá. 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta ilẹ̀ àti lẹ́nu àwọn mìíràn nínú ìjọba. Bí wọ́n bá rí ibi tí igi pọ̀ sí láàárín ìlú, tí kò sí ilé níbẹ̀, wọn á ní: "Ilẹ̀ òfo ni èyí." Ohun tó dùn wá jù ni pé àwọn ọmọ ilé wa náà ti ń sọ ọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Èrò wa ni pé igbó inú ìlú kì í ṣe òfo. Ó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ fún gbogbo ará ìlú, fún ẹni tó ń bọ Òrìṣà àti fún ẹni tí kò bọ ọ́. Ọwọ́ àwọn baba ńlá wa wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, àwa ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dìde láti dáàbò bò ó, àwa náà ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ tún ìwà ara wa ṣe nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ara ń mọ̀. Ní ọ̀sán gangan nínú oṣù January, ẹ rìn lórí títì ọlọ́dà, lẹ́yìn náà kí ẹ wá dúró lábẹ́ igi ńlá kan. Ara yín á sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ fún yín. Kì í ṣe ibòji nìkan ló fà á. Gbòǹgbò igi ń fa omi láti inú ilẹ̀, ewé sì ń tú omi náà sínú afẹ́fẹ́ bí èémí, ooru sì ń bá a lọ. Ọ̀dà àti sìmẹ́ńtì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gba oòrùn mu ní gbogbo ọ̀sán, wọ́n sì ń tú ooru náà jáde ní òru. Ìdí nìyí tí àwọn arúgbó àti àwọn ọmọ ọwọ́ kì í fi í rí oorun sùn ní àdúgbò tí kò ní igi. Ta ló sì ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀? Ẹ wò yíká. Àwọn ènìyàn wa ni.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ òjò. Níbi tí igbó bá wà, ewé ló ń kọ́kọ́ gba òjò, ewé tó ti jábọ́ sílẹ̀ á tún gbà á, ilẹ̀ á wá mu ún díẹ̀díẹ̀, gbòǹgbò á sì di ilẹ̀ mú. Níbi tí wọ́n bá ti gé igi kúrò lára òkè, omi á sáré wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì gbé ilẹ̀ dání. Ní April 2015, òkè ya lu àwọn ilé ní Salvador, ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tó kú. Ní February 2022, òjò ńlá rọ̀ ní Petrópolis, àwọn tó kú lé ní 230. A kò sọ pé igi nìkan lè dá irú òjò bẹ́ẹ̀ dúró. Òkè tó ní igbó náà lè ya bí òjò bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n òkè tí a bọ́ láṣọ ni yóò kọ́kọ́ ya, òun náà sì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tálákà láti kọ́ ilé sí.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ìtàn kan tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé wa mọ̀. Igbó Tijuca wà láàárín ìlú Rio de Janeiro. Láti 1961 ni ó ti di ọgbà igbó ìjọba àpapọ̀, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 3,950 hẹ́kítà lónìí. Àwọn àlejò láti gbogbo ayé ń wá wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé bí Olódùmarè ṣe dá a ló ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn olóko kọfí gé igi púpọ̀ lára òkè náà. Àwọn odò kéékèèké tí ìlú ń mu nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Òùngbẹ gbẹ ìlú. Nígbà náà ni àwọn aláṣẹ wá mọ̀ pé igi ni ìyá omi. Ní 1861, ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n tún igbó náà gbìn, wọ́n sì fi Major Manuel Gomes Archer ṣe olórí iṣẹ́ náà. Láàárín ọdún 13, wọ́n gbin nǹkan bí 100,000 igi.

Ṣé Major ló gbẹ́ ihò wọn? Àwọn ẹrú ló gbẹ́ ẹ. Ìtàn tọ́jú orúkọ àwọn mẹ́fà nínú wọn fún wa: Eleutério, Constantino, Manuel, Mateus, Leopoldo àti Maria. Àwọn ló lọ wú àwọn ọmọ igi, àwọn ló rù wọ́n gun òkè, àwọn ló gbìn wọ́n, àwọn ló sì bomi rin wọ́n. Nígbà tí Archer fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1874, ó ṣì ku ọdún 14 kí òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní Bràsíl. Wọ́n fún ìlú ní omi, ìlú kò fún wọn ní òmìnira.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé igbó jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun tó fẹ́ràn ẹyẹ, ẹ dá àwọn orúkọ mẹ́fà yìí fún un. A dábàá pé kí ilé kọ̀ọ̀kan máa dá orúkọ wọn nínú ìjúbà nígbà tí a bá fẹ́ wọ igbó. Ẹni tó gbin igi tí a ń já ewé rẹ̀, ó yẹ kí a júbà rẹ̀.

Ní Salvador, ẹ jẹ́ kí a lọ sí São Bartolomeu, ní àdúgbò àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ojú irin. Níbẹ̀, omi ń dà ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀ láti orí àpáta. Àwọn àgbà wa fi àwọn omi náà fún Ọ̀ṣun, fún Nàná àti fún Òṣùmàrè. Kì í ṣe Òrìṣà nìkan ló ń gbé ibẹ̀, òmìnira náà gbé ibẹ̀ rí. Ní agbègbè yẹn ni àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú fara pamọ́ sí, tí wọ́n dá ìletò tí wọ́n ń pè ní Quilombo do Urubu. Ní December 1826, wọ́n dìde ogun sí àwọn aláṣẹ, obìnrin kan tí ń jẹ́ Zeferina sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Bí kò bá sí igbó, níbo ni wọn ì bá sá sí?

Ní 2001, ìjọba ìpínlẹ̀ Bahia fi òfin dáàbò bo agbègbè odò Cobre àti São Bartolomeu. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kì í fọ omi. Omi ìdọ̀tí láti inú ilé tí ìjọba kò la ojú gọ́tà fún ń ṣàn lọ sínú odò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ Òrìṣà fi ń bẹ̀rù àti wọ ibẹ̀ nítorí àwọn olè. Nígbà tí ènìyàn rere bá kúrò nínú igbó, ènìyàn burúkú á gbà á. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fún wa: lílọ tí a ń lọ, orin tí a ń kọ níbẹ̀, àwọn ọmọdé tí a ń mú lọ, ìtọ́jú ni gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Kò sí ewé, kò sí Òrìṣà. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ṣé a ti ronú sí ohun tó túmọ̀ sí ní ìlú ńlá? Àwọn ewé tí a fi ń wẹ orí ìyàwó, èyí tí a fi ń ṣe àgbo, èyí tí a fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé, àwọn kan wà tí a lè gbìn sínú ìkòkò lẹ́yìn ilé. Pèrègún kò ṣòro. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kò gbà kí a gbìn wọ́n. Wọ́n fẹ́ òjìji igi ńlá, wọ́n fẹ́ ẹ̀bá omi, wọ́n fẹ́ kí a wá wọn dé ibi tí wọ́n wà. Bí igbó bá tán, a ó máa ra ewé gbígbẹ nínú ọ̀rá, láìmọ ẹni tó já a, láìmọ wákàtí tó já a, láìmọ ọ̀rọ̀ tó sọ sí i. Ṣé ẹ̀sìn àwọn ìyá wa nìyẹn?

Àwọn ìyá wa kò dúró de ìjọba. Nígbà tí Ìyá Aninha, Eugênia Anna dos Santos, dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní 1910 ní São Gonçalo do Retiro, ẹ̀yìn ìlú ni ibẹ̀. Lónìí, ìlú ti yí i ká, ilẹ̀ ilé náà sì tó nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 39,000, igbó sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Angola, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń sìn Nkisi, ní Bate Folha, ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916, tí igbó rẹ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 15 àti ààbọ̀. Nígbà tí àwọn àgbà wa kò rí igi ìrókò ní ilẹ̀ yìí, wọ́n so aṣọ funfun mọ́ gameleira, wọ́n sì ní Ìrókò nìyí. Láti ọjọ́ náà, ta ló gbójú láti gé e? Igi tí a so aṣọ mọ́ ti rí ààbò kí òfin tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn ilé wa sínú ìwé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí Casa Branca ní 1984, tó kan Òpó Àfọ̀njá ní 2000 àti Bate Folha ní 2003, ohun tí àwọn ìyá àti bàbá wa ti ṣọ́ láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n fi òntẹ̀ lù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹ lọ sí ẹ̀bá omi kan nínú igbó ní ọjọ́ kejì ọdún. Kí ni ẹ óò rí? Ìgò ọtí tó ti fọ́, àwo tánganran, ike, ọ̀rá, àti àbẹ́là tó ti jó ìdí igi di dúdú. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni tiwa. Àwọn tó wá sun ẹran jẹ náà ń da ìdọ̀tí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ tiwa, a mọ̀ ọ́n. Ìyàwó kan nínú ilé wa tẹ ìgò níbi tó ti ń tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ já ewé. Ẹsẹ̀ lásán ni ó fi wọ igbó, bí a ṣe kọ́ ọ. Nígbà tí a ń di ọgbẹ́ náà, a wo ìgò ọ̀hún, a rí i pé àwọn tó ń ṣe irú ohun tí à ń ṣe ló gbé e síbẹ̀. Ojú tì wá.

Àwọn àgbà kan lè sọ pé: "Bí a ṣe bá a nìyẹn." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ọmọ kì í bá ìyá rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣáájú bá a. Ewé ni àwo wọn, igbá àti amọ̀ ni ohun èlò wọn. Bí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ewé á di ilẹ̀, oúnjẹ á di ti kòkòrò àti ẹyẹ, ilẹ̀ á sì gba tirẹ̀. Ohun tí ilẹ̀ kò lè jẹ, ṣé ẹbọ ni? A ń gbé oúnjẹ fún Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, a sì ń fi ike gé ọ̀nà ọ̀fun ẹranko rẹ̀. Ní 2016, Ìyá Stella ti Òpó Àfọ̀njá, tó papò dà ní 2018, sọ fún àwọn ọmọ ilé rẹ̀ pé kí wọ́n fi orin kí Yemọja dípò ẹrù tí wọ́n ń gbé jù sínú òkun. Àwọn kan kùn. Ṣùgbọ́n àgbà ló sọ̀rọ̀, ọmọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì sì ni. Bí ìyá bá lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa òkun tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni kí a wá sọ nípa odò kékeré inú igbó?

Ìdí mìíràn tún wà. Àwọn tó kórìíra wa ń ya fọ́tò ìdọ̀tí wa. Wọn kì í ya fọ́tò ìgò tiwọn. Wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi sọ pé kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn igbó mọ́ wa. Ẹ má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa fún wọn ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa bi wá léèrè pé: "Àwọn ènìyàn wa kò ní ilé, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ igi?" Ìbéèrè gidi ni, a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rín gbé e kọjá. Àwa náà mọ ohun tí ilé jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí tálákà lọ kọ́ ilé sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kò fún un ní ilé, ewu ló fún un. Ilé àwọn tálákà yẹ kó wà níbi tí ilẹ̀ ti le, tí bọ́ọ̀sì ń dé, níbi tí àwọn ilé òfo pọ̀ sí láàárín ìlú. Kì í sì í ṣe tálákà ni ó ń jẹ igbó jù. Ẹ wo àwọn ilé gíga olówó ńlá, ẹ wo orúkọ tí wọ́n ń sọ wọ́n. Wọ́n á gé igbó tán, wọ́n á wá fi orúkọ igbó náà sọ ilé.

Igi àti ènìyàn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Láti 1986 ni ìjọba ìlú Rio ti ń sanwó fún àwọn ará favela láti gbin igi padà sára òkè tí wọ́n ń gbé. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbìn báyìí lé ní 3,000 hẹ́kítà. Owó wọ ilé, òkè wọ aṣọ, omi padà sí àwọn ojúsun kan. Irú iṣẹ́ yìí ni ó yẹ kí a máa béèrè fún ní Salvador, ní Recife, ní São Paulo, fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí kò níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ilé àná. Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun wà ní etí ìlú, ó tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Igi ibẹ̀ ṣì dúró. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa góòlù ní òkè odò ti ba omi Ọ̀ṣun jẹ́, omi náà sì ti pọ́n. Ọgbà tí a ṣe yí igbó ká kò lè dá omi dúró. Bí odò Cobre ṣe rí níhìn-ín ni odò Ọ̀ṣun ṣe rí lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo ojúbọ gbọ́dọ̀ bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní òkè odò.

A ti rí i pé ìjà wa lè so èso. Àpáta Ṣàngó ní Cajazeiras, ní Salvador, wà lẹ́bàá títì tí wọ́n là gba àárín igbó kọjá. Àwọn ilé Òrìṣà rìn, wọ́n kọrin, wọ́n kọ̀wé, wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn olùkọ́ Yunifásítì. Ní 2017, ìjọba ìlú kọ àpáta náà sínú ìwé ohun tí a kò gbọdọ̀ bà jẹ́, ní 2022 wọ́n sì ṣí ọgbà igbó sílẹ̀ yí i ká. Kò sí ẹni tó fi í ta wá lọ́rẹ.

Òfin wà lẹ́yìn wa bí a bá mọ bí a ṣe ń lò ó. Òfin ìpìlẹ̀ Bràsíl ti 1988 dáàbò bo ibi ìjọsìn gbogbo ẹ̀sìn, abala 225 rẹ̀ sì sọ pé ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn ni àyíká tó dára. Òfin 11.428 ti 2006 dáàbò bo Mata Atlântica, igbó etí òkun tó jẹ́ pé nǹkan bí 12 péré nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló kù. Àṣẹ 6.040 ti 2007 sì ka àwọn ará ìbílẹ̀ àti àwọn tó ń pa àṣà ìṣẹ̀ǹbáyé mọ́ sí ẹni tí ìjọba gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn wọn. Ẹ kà wọ́n nínú ìpàdé ilé. Ẹ fún àwọn ọmọ wa tó jẹ́ agbẹjọ́rò níṣẹ́.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe kò pọ̀. Èkíní, kí ilé kọ̀ọ̀kan yan igbó kan tó sún mọ́ ọn, kí ó máa lọ síbẹ̀ déédéé, kì í ṣe ọjọ́ ẹbọ nìkan. Èkejì, ohun tí a bá gbé wọ igbó tí ilẹ̀ kò lè jẹ, kí a gbé e padà sílé. Kí a má sì tan àbẹ́là sí ìdí igi. Ẹ̀kẹta, kí a rán ẹnìkan lọ sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ọgbà igbó, kí ó lè sọ níbẹ̀ pé ojúbọ ni, kí wọ́n má ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa. Ẹ̀kẹrin, kí gbogbo ìyàwó tí a bá ṣe gbin igi kan, kí ó sì mọ orúkọ rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá tún sọ níwájú yín pé ilẹ̀ òfo ni, ẹ bi í pé: ta ló ń fa omi fún ọ? Ta ló di òkè mú lórí ilé rẹ? Ta ló gbà Zeferina nígbà tí wọ́n ń lé e? Igbó kò ṣófo. Ó kún fún àwọn tó ṣáájú wa, ó sì ń dúró de àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kí Òsányìn má ṣe pa ewé mọ́ fún wa. Kí omi má gbẹ. Àṣẹ o.